Láàrin Èjì àti Ẹ̀ta

Gulzat gbé Subaru rẹ̀ dé Karakol kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
èjì nìkan ló fi wà á láti Ak-Suu,
ẹ́ńjìnnì ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.
Agbẹ̀bí ni. Ọmọ tó ń bọ̀ kì í dúró de ọkọ̀.

"Ẹni mẹ́ta ti wò ó," ló wí, ó ń fẹ́ èémí sọ́wọ́.
"Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì.
Ẹnì kejì ní kí n pààrọ̀ gíábọ́ọ̀sì.
Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó kàn béèrè iye ẹṣin tí bàbá mi ní."

Ọ̀gá mi, Turatbek, ò fèsì.
Etí rẹ̀ òsì ti di láti ìgbà iṣẹ́ ológun,
ọwọ́ ló fi ń gbọ́ràn.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni gbé e lé ikùn aboyún,
ó ní, "Máa wà á lọ. Má sọ̀rọ̀."

A gba ọ̀nà òkè, yìnyín ṣì wà létí títì.
Gíà ọ́tò, tí kì í retí ọwọ́ ẹnikẹ́ni:
ení bọ́ sí èjì wẹ́rẹ́, bí òwú wọ abẹ́rẹ́.
Lẹ́yìn náà, òfo.
Ariwo ń ga, ìrìn ò lékún,
bí ẹni ń fa okùn kànga tí korobá rẹ̀ ti já.
Ẹ̀ta ò dé.
A ṣẹ́rí padà. Kò sọ ohun tó gbọ́.

Ó ní kí n má pa ẹ́ńjìnnì; gbígbóná ni wọ́n ń wo ọ́ìlì gíà.
Mo fa géèjì yọ, mo nù ún, mo kì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á yọ.
"Kí lo rí?"
Ó pọ́n.
"Ó pọ́n báwo?"
Bí omi ṣẹ́rì tí ìyá mi ń sè.
"Gbóòórùn rẹ̀."
Kò rùn bíi búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ààrò.
Ó kán díẹ̀ sórí bébà: kò sí èérún dúdú, kò sí irin tó ń dán.
Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo òwúrọ̀.
"Èyí ṣì ń jẹ, ó ṣì ń mu. Ta ló ní kí a lọ sin ín?"

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n;
àmọ́ ẹni tó ń ta orí, ibi orí fífọ́ ló ti ń jẹun.

Kọ̀ǹpútà kékeré náà kọ nọ́ńbà kan síta: sólénọ́ìdì.
Gulzat ní, "Ó tán. Ó ti kú nìyẹn."
"Nọ́ńbà kì í ṣe ìdájọ́," ọ̀gá mi wí, "àdírẹ́sì ni.
A ò tíì dé ilé náà."

Ó fi mítà wọn sólénọ́ìdì: ó yè.
Ó wá dijú, ó ń fi ìka tọ wáyà lọ,
láti ara gíábọ́ọ̀sì, gba abẹ́ bátìrì,
títí ìka fi dúró.
"Níbo lo gbé ọkọ̀ yìí sí nígbà òtútù?"
Nínú àká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko àgùntàn.
Ó fa ọwọ́ yọ: irun àgùntàn, koríko gbígbẹ,
àti wáyà pupa kan tí eyín ti gé.
Eku ló bímọ síbẹ̀.

Agbẹ̀bí wo ìtẹ́ náà títí.
"Mélòó ló bí?" ló béèrè.

A so wáyà pọ̀, a jó o mọ́ra, a fi téèpù wé e.
A tún gun òkè.
Ení. Èjì. Mo di èémí mú.
Ẹ̀ta wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Fóònù rẹ̀ dún lójú ọ̀nà: ìrọbí, ní Ak-Suu.
Ó sọ̀ wá kalẹ̀ sínú yìnyín, ó sáré lọ, kò rántí owó.
Turatbek na àtẹ́lẹwọ́ sí afẹ́fẹ́ títí ọkọ̀ náà fi wọ kọ̀rọ̀.
"Ẹ̀rin," ló wí.
Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.